Àwọn Alágbẹ̀dẹ Ráífù ti Pennsylvania

Bí a bá ń ka ìtàn àwọn ogun ńlá, orúkọ ọba àti ti balógun ni a máa ń bá pàdé lójú ìwé. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí orúkọ ẹni tí ó rọ ohun ìjà tí wọ́n fi jà. Síbẹ̀, bí alágbẹ̀dẹ kò bá jí, balógun kò lè lọ. Ìwé Mímọ́ kò gbàgbé èyí. Ní ayé Sọ́ọ̀lù, nígbà tí àwọn Fílístínì kò jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ wà ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, àwọn ènìyàn ní láti máa gbé ohun ìtúlẹ̀ wọn tọ ọ̀tá lọ kí wọ́n tó lè pọ́n ọn; nígbà tí ọjọ́ ogun sì dé, ọwọ́ òfo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi jáde. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ ìtàn àwọn alágbẹ̀dẹ kan wò, àwọn tí ó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìbọn onígi gígùn kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1730 sí 1840. Ẹ̀kọ́ púpọ̀ wà nínú iṣẹ́ wọn fún ẹni tí ń kọ́ni àti fún ẹni tí a ń kọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ìbọn tí a ń sọ. Ìbọn tí àwọn baba wa mọ̀ jù lọ ni ṣakabùlà, èyí tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó wá sí etí òkun wa. Inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán ni, ọta kò sì fún mọ́ ọn pinpin. Bí ẹ̀tù bá ti gbá ọta náà jáde, kò sí ohun tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà. A máa yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì bí ó bá ti wù ú, nítorí náà ni ọdẹ ṣe gbọ́dọ̀ rá pálá sún mọ́ ẹran kí ó tó yìn ín. Ṣùgbọ́n inú ọ̀pá ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. A ti fá ìlà wẹ́wẹ́ sí i láti ìdí dé ẹnu, àwọn ìlà náà sì ń lọ́ bí ìtàkùn ti ń lọ́ mọ́ ara igi. Bí ọta bá ti ń gba àárín àwọn ìlà wọ̀nyí kọjá, ó di dandan kí ó máa yí bí ó ti ń lọ. Ẹni tí ó bá ti ta òkòtò rí nígbà èwe rẹ̀ kò ní ṣàì mọ ohun tí èyí ń ṣe. Nígbà tí òkòtò bá ń yí kíkankíkan, a dúró ṣánṣán lórí ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé kò mira. Bí yíyí náà bá dẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, a sì ṣubú. Yíyí tí ó mú òkòtò dúró, òun kan náà ni ó ń mú ọta ráífù lọ tààrà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọgbọ́n yìí ti kọ́kọ́ yọ. Àwọn ará Jámánì àti àwọn aládùúgbò wọn ti mọ bí a ti ń fá ìlà sí inú ìbọn kí ọdún 1600 tó dé, àwọn ọdẹ inú igbó wọn sì ń lo ráífù kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ tóbi. Nígbà tí William Penn gba ilẹ̀ Pennsylvania ní 1681, tí ó sì kéde pé a kò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nítorí ọ̀nà tí ó gbà ń sin Ọlọ́run, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí láti Jámánì àti Súwísàlandì wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Luther wà nínú wọn, àwọn Mennonite wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn Moravian, ìjọ tí ó ti rán míṣọ́nnárì sí àwọn ẹrú erékùṣù St. Thomas láti 1732. Gbogbo wọn kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn dání bí wọ́n ti kó Bíbélì dání. Ìlú Lancaster ni ó di olórí ibùdó àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn, lẹ́yìn náà York, Reading, àti àwọn ìlú mìíràn ní àyíká wọn. Àwọn Moravian pàápàá ní ilé ìṣẹ́ ìbọn kan ní Christian's Spring, níbi tí Andreas Albrecht, ẹni tí ó ti ilẹ̀ Jámánì wá, ti jẹ́ ọ̀gá.

Nígbà tí wọ́n dé inú igbó Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ìbọn ilé kò bá oko mu. Ọdẹ níbẹ̀ lè wà nínú igbó fún oṣù púpọ̀ láì rí ọjà tí ó ti lè ra òjé àti ẹ̀tù. Ọta ráífù Jámánì tóbi. Bí a bá yọ́ òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, nǹkan bí ọta 22 péré ni yóò ti inú rẹ̀ jáde. Nítorí náà àwọn alágbẹ̀dẹ Pennsylvania dín ẹnu ìbọn kù títí pọ́n-ùn òjé kan náà fi lè di ọta bí 50. Wọ́n sì mú ọ̀pá rẹ̀ gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó di nǹkan bí íńṣì 42 tàbí 44, kí ẹ̀tù lè jó tán nínú rẹ̀, kí ojú ọdẹ sì lè rí ọ̀nà gígùn fi wọ̀n. Báyìí ni a ṣe bí ìbọn tuntun kan, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn, tí kì í fi ohunkóhun ṣòfò. Kì í ṣe ọba ni ó pàṣẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọdẹ ni ó sọ ohun tí ó ń ni ín lára, alágbẹ̀dẹ sì gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti rí. Irin pẹlẹbẹ gígùn kan ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. A tì í bọ inú èédú, ọmọ iṣẹ́ a máa fẹ́ ẹwìrì títí irin yóò fi funfun gbòò tí yóò sì máa ta iná wẹ́wẹ́. Nígbà náà ni ọ̀gá yóò ká a yí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ká, tí òun àti ọmọ iṣẹ́ yóò sì jọ máa lù ú kí etí rẹ̀ méjèèjì lè jó pọ̀ di ọ̀kan. Ìwọ̀n íńṣì díẹ̀ ni wọ́n lè jó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kíá ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò kí ó má baà lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó tún di inú iná. Àwọn àgbà wa ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ níhìn-ín. Bí iná kò bá mú irin tó, etí méjèèjì kì yóò jó pọ̀, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n jó pọ̀ lójú. Bí iná bá sì pọ̀ jù, irin a jóná. Kò sí ẹ̀rọ tí ó ń wọn ooru fún wọn. Àwọ̀ irin ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ṣe é ní àbùkù, ojú ẹni tí ó bá gbé ìbọn náà sí èjìká ni àbùkù náà yóò ti hàn, ìyẹn ni pé ó lè bú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí ìdí èyí ni alágbẹ̀dẹ olóòótọ́ fi ń kọ́kọ́ fi ẹ̀tù tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán an wò, tí a bá ti so ó mọ́lẹ̀ tí ènìyàn sì ti jìnnà sí i.

Bí ọ̀pá bá ti jó pọ̀ tán, a fi irin ìluhò la inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tí ó kéré dé orí èyí tí ó tóbi, títí inú rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Ṣùgbọ́n irin tí a ti lù fún ọjọ́ púpọ̀ kì í ṣàìwọ́. Láti mọ ibi tí ó ti wọ́, wọ́n a na okùn tín-ín-rín kan gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n a sì gbé ojú sí i. Níbi tí okùn bá ti fi àyè sílẹ̀ lára irin, ibẹ̀ ni òòlù yóò bọ́ sí. Nígbà tí ó bá tọ́ tán, a fá ara rẹ̀ lóde sí ìhà mẹ́jọ.

Èyí tí ó wá kàn ni fífá ìlà, iṣẹ́ tí ó fi ráífù hàn yàtọ̀. Igi róbótó gígùn kan wà lórí pẹpẹ, tí a ti gbẹ́ ìlà lílọ́ sí lára, tí a sì há mọ́ àárín igi mìíràn tí eyín rẹ̀ wọ inú àwọn ìlà náà. Bí a bá ti ń tì í tàbí fà á, kò lè ṣe kí ó má yí. Ọ̀pá irin kan so mọ́ iwájú rẹ̀, eyín irin líle kékeré kan sì wà lára ọ̀pá náà. Bí eyín yìí ti ń wọ inú ìbọn lọ tí ó sì ń bọ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń ha irin, bí ẹni fi èékánná ha ara. Nígbà tí kò bá rí ohun kan ha mọ́, ọ̀gá a mú ìwé pẹlẹbẹ kan, a há a sábẹ́ eyín náà kí ó lè ga díẹ̀ sí i, iṣẹ́ a sì tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni a ó ṣe ìlà kan, a ó sì bọ́ sí èkejì. Ìlà méje ni ó wọ́pọ̀, wọn a sì máa yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹ wò ó bí ohun kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá: ìnípọn ìwé kan ni ó wà láàárín iṣẹ́ tí ó péye àti iṣẹ́ tí ó bàjẹ́.

Ẹ̀rọ ìṣáná ni a ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn, níbi tí òkúta yóò ti gbá irin líle tí iná yóò sì bọ́ sínú ẹ̀tù. Ó wọ́pọ̀ pé kí àwọn alágbẹ̀dẹ náà ra ẹ̀rọ yìí láti Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì, nítorí ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ dé ojú àmì lè rọ ìyẹn náà fúnra rẹ̀. Ohun idẹ tí ó wà lára ìbọn, irú èyí tí ó bo ìdí rẹ̀ àti èyí tí ó dáàbò bo ohun tí ìka ń fà, inú yanrìn tí a ti tẹ àpẹẹrẹ wọn sí ni a ń da idẹ yíyọ́ sí láti mú wọn jáde.

Igi mépù ni wọ́n ń lò fún ara ìbọn. Kò sí nínú igbó tiwa, ṣùgbọ́n òun ni igi tí ó wu àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ jù lọ, pàápàá èyí tí ojú rẹ̀ ní ìlà bí omi odò tí atẹ́gùn ń fẹ́. Wọ́n a fi pákó rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó lè gbẹ dáadáa, nítorí igi tútù yóò sún kì lẹ́yìn tí a bá ti gbẹ́ ẹ. Kí irin àti igi lè bá ara wọn mu, wọ́n a fi ẹ̀tù dúdú ìdí àtùpà pa irin náà, wọ́n a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Níbi tí dúdú bá ti lẹ̀ mọ́ igi, ibẹ̀ ni igi ti ga jù. Wọ́n a fá a kúrò, wọ́n a tún tẹ̀ ẹ́, títí kò fi ní sí àyè tí ewé tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà wọlé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń fín òdòdó àti ewé sí i, tí wọ́n ń fi àpótí idẹ kékeré onílẹ̀kùn sí ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ fún aṣọ wẹ́wẹ́ tí a fi ọ̀rá pa, èyí tí a ń fi wé ọta kí ó lè fún mọ́ inú ìbọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì fi fàdákà ṣe ìràwọ̀ sí ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọdẹ yóò gbé sùn. Omi kíkan líle tí a yọ́ irin sínú rẹ̀ ni a fi ń pa igi náà láró; bí a bá ti mú un súnmọ́ iná, a pọ́n bí oyin, ìlà ara rẹ̀ gbogbo a sì jáde.

Ọkùnrin kan ṣoṣo, tòun ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, lè ṣe gbogbo èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó jẹ́ adáidẹ, ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì jẹ́ afínràn. Ọmọ iṣẹ́ a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21, kí ó tó gba ìyọ̀ǹda. Nígbà tí òun náà bá sì di ọ̀gá, a máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí orí ọ̀pá ìbọn. Ohun ńlá ni èyí. Ẹni tí ó bá kọ orúkọ sí iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Bí ó bá dára, gbogbo ayé ni yóò mọ̀, bí ó bá sì bàjẹ́, kò ní rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi.

Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti ọba Gẹ̀ẹ́sì, a ti fi òfin dè é láti oṣù kẹwàá 1774 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ohun ìjà láti Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò rí bí Ísírẹ́lì ayé Sọ́ọ̀lù. Alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 1775, ìgbìmọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà pinnu láti kó ẹgbẹ́ ọmọ-ogun oníráífù mẹ́wàá jọ: mẹ́fà láti Pennsylvania, méjì láti Maryland, méjì láti Virginia. Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rù àwọn ènìyàn wọ̀nyí, nítorí wọ́n lè ta ọta ba ènìyàn ní nǹkan bí 200 yáàdì. Ní Saratoga ní 1777, àwọn oníráífù Daniel Morgan ṣe gudugudu méje. Síbẹ̀ kí a má ṣe sọ àsọdùn gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ráífù kò yá í kì. Ẹni tí ó gbé ìbọn aláìnílà lè yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí oníráífù yóò yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sì ní ọ̀bẹ lẹ́nu, nítorí náà bí ọ̀tá bá sáré dé ibi tí ó wà, ó di dandan kí ó sá. Ìbọn aláìnílà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ-ogun George Washington fi ja ogun náà títí ó fi parí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹni tí ń kọ ìtàn ní òtítọ́ kò lè fò dá. Ilẹ̀ tí àwọn ọdẹ ń gbé ráífù wọ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Àwọn Delaware àti Shawnee ni ó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn náà ra ráífù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣí wá pọ̀ jù wọ́n lọ, wọ́n sì ń tì wọ́n síwájú lọ́dọọdún. Àwọn Moravian ti wàásù fún díẹ̀ nínú àwọn Delaware wọ̀nyí, wọ́n sì ti di Kristẹni. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1782, ní abúlé Gnadenhutten, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ-ogun kan láti Pennsylvania pa mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn, lọ́kùnrin, lóbìnrin àti lọ́mọdé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbé ohun ìjà kankan. Òru tí ó ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n fi gbàdúrà tí wọ́n sì fi kọrin. Ìjọ kan náà tí ó ní ilé ìṣẹ́ ìbọn ní Christian's Spring ni ó ṣọ̀fọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ wọ̀nyí. Iṣẹ́ ọwọ́ lè dára kí ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ kò lè sọ ọkàn ẹni tí ó gbé e di mímọ́.

Kí ni ó wá mú iṣẹ́ náà parun? Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ ńlá ni ó dé. Láti 1816 ni Eliphalet Remington ti ń ṣe ọ̀pá ìbọn tà ní New York, alágbẹ̀dẹ tí ó bá lè ra ọ̀pá tí a ti ṣe tán kò tún rí ìdí tí yóò fi máa fẹ́ ẹwìrì. Fìlà bàbà kékeré tí ń gbaná fúnra rẹ̀ sì gba ipò òkúta. Ní Springfield, ilé iṣẹ́ ìjọba ti fi ẹ̀rọ ṣe ìbọn tí a lè yọ ẹ̀yà ara ọ̀kan fi bọ èkejì. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó wà láàárín 1861 àti 1865, ìbọn tí a ń kì láti ìdí gba gbogbo ayé. Àwa náà gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé: nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, irú ráífù bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rọ ṣe ní ìlú òyìnbó, ni àwọn Èkìtìparapọ̀ rí gbà láti ọwọ́ àwọn ará wọn tí ó wà ní Èkó. A kò lè bú ẹ̀rọ. Ó mú ohun tí ó wọ́n di ohun tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá kò rí ẹni kọ́ mọ́, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá a wọ ibojì. Láàárín ìran méjì péré, ìbọn àtijọ́ ṣì wà lára ògiri nínú ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti rí ẹni tí ó lè ṣe òmíràn láti inú irin àti igi lásán.

Ní 1924 ni John Dillin tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn ìbọn wọ̀nyí, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í náání wọn, ní 1933 ni àwọn kan sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ń yin ìbọn akìlẹ́nu. Ní ìlú Williamsburg ní Virginia, níbi tí a ti tún ilé àti iṣẹ́ ayé àtijọ́ ṣe, Wallace Gusler fi irú ohun èlò tí àwọn alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ lò ṣe ráífù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ sínú sinimá ní 1969. Kò sí ọ̀gá àtijọ́ kan láàyè tí yóò dì í lọ́wọ́ mú. Àwọn ìbọn àtijọ́ ni ó ń yẹ̀ wò, ó sì ń wá àpá ohun èlò lára wọn bí ọdẹ ti ń wá ipasẹ̀ ẹran.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ro èyí wò. Iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ lè kọ́ lẹ́nu ọdún díẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá, tí okùn rẹ̀ bá já, ó lè gba àwọn ọlọ́gbọ́n ní ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tún un so, àti pé lára ohun tí ó ṣẹ́kù nìkan ni wọn yóò ti máa tọ pinpin rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, àwọn alágbẹ̀dẹ ń bẹ tí wọ́n mọ bí a ti ń tún ṣakabùlà ṣe, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì mọ bí a ti ń rọ ọ́. Àwọn aláró ń bẹ, àwọn afínràn ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn adáidẹ. Bí ọmọdé bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó má ṣe rò pé ìwé ni ó wà níwájú òun àti pé òpè ni ó wà lẹ́yìn. Ẹni tí ó lè wo àwọ̀ irin kí ó sì mọ ooru rẹ̀, ìwé ni ó ń kà yẹn. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ mú kálámù rẹ̀, kí ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì, kí ó béèrè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ẹni tí yóò dáhùn ṣì wà láàyè.